Àpótí Òjé tí Yèyé Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Tì

Nígbà tí a ń múra ìsìnkú Yèyé, ìyá bàbá mi, ìjọ ní kí n kọ ojú ewé méjì nípa ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìn. Mo kọ ẹyọ kan: ìlú tí wọ́n ti bí i, ọkọ tó fẹ́, iye ọmọ tó bí, ẹgbẹ́ tó wà nínú ìjọ. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé obìnrin èyíkéyìí ní Ìkòrò ni mo kọ̀wé nípa rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí ìsìnkú bá ti parí, n ó jókòó, n ó sì kọ ọ́ dáadáa. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí Fúnmi ìyàwó mi náà fi tẹ̀ lé e lọ. Láti ìgbà yẹn, ọdún mẹ́ta, n kò fẹ́ fọwọ́ kan bírò àyàfi tí mo bá ń ṣàmì sí ìwé àwọn ọmọ iléèwé. Mo bẹ àwọn àbúrò mi kí wọ́n má bínú pé ó pẹ́.

Ìyá Ẹ́síréè ni gbogbo Ìkòrò ń pè Yèyé. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀ nínú iṣẹ́ ológun, lọ sí bárékè kan lókè Ọya, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà á síṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun, kò wọ kakí rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbálẹ̀ yàrá ẹ́síréè, kó fọ fíìmù nínú yàrá òkùnkùn, kó tọ́jú gbogbo ohun ìní ìjọba tó wà níbẹ̀, kó sì di àwọn ọmọ kéékèèké mú nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò egungun wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe é. Ohun tó gbé wálé láti ibẹ̀ ni ìka ọwọ́ tó dán bí òkúta inú odò, àti ìbéèrè kan nípa ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dàúdà: ṣé Dàúdà ti dárí jì í? Ó gbé ìbéèrè náà sáyà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa rò pé obìnrin tó kàn fẹ́ràn kọ́kọ́rọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré kì í dúró jẹ́ẹ́ fún ẹ́síréè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì í mú, ẹni náà á sì jẹ nínú ìtànṣán tí ọmọ ń jẹ. Ìyá ọmọ ló yẹ kó dì í mú, ṣùgbọ́n Yèyé kì í gbà. Wọ́n ti sọ fún un pé aláboyún ò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ fún un nípa ìtànṣán nìyẹn. "Obìnrin lè lóyún kó má tíì mọ̀," ló máa ń wí, á sì gba ọmọ. Lẹ́yìn náà, á fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, á la ojú sílẹ̀ rangandan. Ọmọ á wò ó, á fẹ ti ara rẹ̀. Bí ọmọ bá ti fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò mí mọ́ nìyẹn, ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ á sì ya fọ́tò kíá. Ọmọ Haúsá, ọmọ Tífì, ọmọ Ìgbò, ọmọ Yorùbá, kò sí èyí tí kò gbọ́ èdè yẹn.

Àṣà náà kò fi í sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé kámẹ́rà sókè nínú ẹbí wa, Yèyé ti fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwa náà á sì fẹ tiwa, torí a ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń ṣe níwájú kámẹ́rà. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, ayàfọ́tò ní kí gbogbo ẹbí ọkọ rẹ́rìn-ín. Ẹbí ọkọ fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Fúnmi yíjú wò wá, ó tún wo ayàfọ́tò, òun náà sì fẹ tirẹ̀. Fọ́tò yẹn wà lára ògiri níwájú mi báyìí: ìyàwó fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń fọn fèrè, ọkọ ń wo ìyàwó. Inú ayàfọ́tò bà jẹ́. Yèyé bá a sọ ọ́ bí ẹlẹgbẹ́ ẹni: "Ẹ̀rín ló ń ba fọ́tò jẹ́, ọmọ mi. Èémí ni kí o ní kí wọ́n dá dúró."

Ìka rẹ̀ kò ní àmì kankan mọ́. Ìtànṣán ti jẹ gbogbo ìlà tó yẹ kó wà ní orí ìka ẹ̀dá, awọ ibẹ̀ gbẹ, ó dán, èékánná rẹ̀ sì ń là sí wẹ́wẹ́. A ò kà á sí nǹkan kan títí di ọjọ́ tí a mú un lọ sí Ìjerò láti lọ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ní kó tẹ ìka sí ojú gíláàsì. Yèyé tẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Ẹ nù ún, bóyá òróró wà níbẹ̀."

Ó nù ún sí ìró. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà ké bíi ti ẹyẹ.

"Màmá, ó ní kò sí ìka."

Yèyé gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sí ojú ọmọbìnrin náà. "Kà á."

Gbogbo ènìyàn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà, ẹni jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá dé, ó yẹ ìka náà wò, ó bi í léèrè iṣẹ́ tó ṣe nígbà èwe rẹ̀. Yèyé sọ ọ́ fún un. Ọkùnrin náà mi orí, ó ní ìjọba ní láti rí ìka o. Ni Yèyé bá so ìró rẹ̀ le, ó ní: "Ìjọba tó ń wá ìka mi yìí, òun náà ló jẹ ẹ́."

Wọ́n fún un ní nọ́ńbà náà ṣá o, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mo ti dárúkọ kọ́kọ́rọ́. Nínú ilé Yèyé, ohun gbogbo ló ní àgádágodo: àká iṣu, àpótí aṣọ, kọ́bọ́ọ̀dù iyọ̀, àní agolo gaàrí pàápàá. Kì í ṣe ahun. Bí o bá béèrè, yóò fún ọ ní ìlọ́po méjì ohun tí o béèrè, yóò sì tún ti ìyókù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni pé ohun tí a fi síkàáwọ́ ẹni kò gbọdọ̀ sọnù, ohun tí kì í ṣe tẹni kò sì gbọdọ̀ bàjẹ́ rárá. Ìjọ mọ ìwà yìí, wọ́n sì fi í ṣe olùtọ́jú àwo. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi wà nípò náà, ṣíbí kan kò dín. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ṣe ìfọwọ́lé-nilórí, Bàbá Ìjọ sì ní kó kó àwo tuntun olódòdó jáde. Yèyé ní àtijọ́ yẹn náà dára.

"Ẹ̀yin ìyá, bíṣọ́ọ̀bù ni o!"

"Mo gbọ́."

"Ṣé inú àwo tó ti ṣá ni bíṣọ́ọ̀bù yóò ti jẹ iyán?"

"Inú rẹ̀ ni èmi ti ń jẹ ẹ́, n kò sì tíì kú."

Ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé. Wọ́n pe bàbá mi wá láti Arámọkọ kó wá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó yá, Yèyé kó àwo mẹ́fà jáde nínú méjìlá, ó sì dúró ti tábìlì títí bíṣọ́ọ̀bù fi jẹun tán. Bàbá Ìjọ bínú, ó bi í pé ṣé kò fọkàn tán ẹni Ọlọ́run ni. Ó dáhùn pé: "Mo fọkàn tán an. Ọwọ́ rẹ̀ ni n kò tíì mọ̀."

A máa ń sọ ìtàn yìí, a máa ń fi rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ìwà ìpamọ́ yìí kan náà ló ti dá a lóró rí. Fúnmi ló jẹ́ ká mọ̀.

Yèyé ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Ó ń wúkọ́, dókítà sì ní kí a lọ ya fọ́tò àyà rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan. Èmi ni mo wa mọ́tò, Fúnmi sì bá wa lọ torí pé òun nìkan ni Yèyé máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Olùkọ́ ni Fúnmi ní Ayétòrò. Ó ní ohùn kan tó fi ń bá ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀, ohùn yẹn kan náà ló fi ń bá Yèyé sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ya fọ́tò ní kí Yèyé gbé àyà mọ́ pátákó. Yèyé kò rìn. Ó ń wò ó láti òkè délẹ̀.

"Báàjì rẹ dà?"

"Báàjì wo, Màmá?"

"Èyí tí fíìmù wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n ń há mọ́ àyà."

Ẹnu ya ọmọ náà. "Háà! Màmá, ta ló sọ fún yín? Kò ní fíìmù mọ́ o, wọ́n ti yí i padà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Kó má baà sọnù ni. Ọ̀gá ní bó bá sọnù pẹ́nrẹ́n, òun á lé mi."

Mo rí ojú Yèyé. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, àní níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ó padà sídìí àga, ó jókòó, ó gbé pọ́ọ̀sì lé itan. Ó ní òun ò ya fọ́tò mọ́ àfi bí ọmọ náà bá lọ wọ báàjì rẹ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Fúnmi tẹ̀ síwájú, ó ní, "Bùròdá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wọ̀ ọ́. Mo mọ ìyá yìí. Bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ibí la máa jẹ oúnjẹ ọ̀sán." Ọmọ náà lọ wọ̀ ọ́. Yèyé bá a tún un ṣe láyà, ó fi ìka rẹ̀ tó dán yẹn tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì sọ fún un jẹ́jẹ́ pé: "Ojú tó wà nínú dúrọ́ọ̀, kí ló ń rí?"

Wọ́n ya fọ́tò náà tán, a padà sínú mọ́tò. Fúnmi ní, "Yèyé, ta ni ẹ rántí?" Kó tó di pé a dé Ìkòrò, ó ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo dín eré mọ́tò kù, n kò fẹ́ kó dé ilé kó tó parí ọ̀rọ̀.

Bí ó ṣe rí nìyí. Oṣooṣù ni báàjì ń ti Èkó wá, ó kéré bíi páálí ìṣáná, orúkọ oníkálukú wà lára tirẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọ́n á kó wọn padà sí Èkó, òmíràn á dé. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ohun tó wà fún. Wọ́n ní ohun ìní ìjọba ni, ó parí. Ọmọ ogun kan sọ tirẹ̀ nù, ó fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ̀wà nínú gádírúùmù, àtìmọ́lé àwọn ọmọ ogun. Àánú rẹ̀ ṣe Yèyé. Ó ní ìyẹn ò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú òun. Ó gba báàjì àwọn márààrún tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, ó wá àpótí tó le jù nínú yàrá náà, ó kó wọn síbẹ̀, ó tì í.

Àpótí tó le jù yẹn, àpótí òjé ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó fíìmù tí wọn ò tíì lò sí, kí ìtànṣán má baà bà á jẹ́. Ìtànṣán kì í gba inú òjé kọjá.

Bí ọ̀gá àyẹ̀wò bá ń bọ̀, Yèyé á pín báàjì, oníkálukú á há a mọ́ àyà. Bí ọ̀gá bá lọ, á gbà á padà. Ọdún mẹ́fà, báàjì kan kò sọnù. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn náà, èsì báàjì tó ń ti Èkó dé ń sọ pé kò sí ewu kankan nínú yàrá náà. Wọ́n tilẹ̀ kọ lẹ́tà ìyìn wá, pé kò sí yàrá ẹ́síréè tó mọ́ tó tiwọn. Wọ́n pe Yèyé sórí pápá níwájú àwọn ọmọ ogun, kọ́nẹ́ẹ̀lì sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ra ìró tuntun nítorí ọjọ́ yẹn.

Kọ́pùrà Dàúdà ni ó ń tẹ ẹ̀rọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ọmọ Ìwó, aláwàdà. Aṣọ òjé kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá náà tí kò tíì ya, Dàúdà kì í sì í wọ̀ ọ́. Yèyé tó ń di ọmọ mú ló máa ń gbé e wọ̀. "Ìyá," á ní, "ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn jù, ẹ wọ̀ ọ́, èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀kùn náà ti la, pé ìtànṣán ń gba ibẹ̀ jáde sí i lára lójoojúmọ́.

Eyín Dàúdà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Ó dákú lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú rẹ̀. Dókítà béèrè lọ́wọ́ Èkó bóyá ìtànṣán ni, Èkó sì dáhùn pé báàjì Dàúdà kò rí nǹkan kan fún ọdún mẹ́fà. Wọ́n wá ní ó ti mọ̀ọ́mọ̀ lo oògùn tó ń sọni di aláìsàn ni, pé ṣe ló fẹ́ sá fún iṣẹ́ ológun. Wọ́n fẹ́ lé e, wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òpùrọ́ ni. Ẹni tí wọ́n bá sì kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ilé ìwòsàn ológun ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Dókítà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló kó gbogbo wọn jọ. Ó gbé báàjì kan sókè. "Ojú nìyí," ló wí. "Ara wa kì í rí ìtànṣán, báàjì yìí ló ń bá wa rí i. Bí Dàúdà bá ti jẹ ìtànṣán lóòótọ́, báàjì á ti sọ."

Yèyé wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Ó ní ìgbà yẹn ni òun mọ ohun tí òun ti tì mọ́ inú òjé. Nígbà tí dókítà jáde, sájẹ́ǹtì tó jẹ́ olórí yàrá náà ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́, gbogbo wa la máa wọ gádírúùmù, ẹ̀yin náà á sì padà sílé láìníṣẹ́. Ọmọ mẹ́fà ni mo bí."

"Mo mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo dì wọ́n mú fún fọ́tò."

"Ẹ wá ṣàánú wọn, Màmá."

"Sájẹ́ǹtì, ìyá kan ló bí Dàúdà náà."

Ó di òṣùká. Àpótí òjé kékeré wúwo ju ìdì igi méjì lọ, ọkùnrin méjì ló máa ń gbé e. Ó ní kí wọ́n gbé e ru òun. Wọn ò fẹ́, ó sì ní bí wọn ò bá gbé e ru òun, òun á wọ́ ọ nílẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e rù ú. Ó la pápá ìyan kọjá ní ọ̀sán gangan, níbi tí ọ̀gá ológun pàápàá kì í gbà kọjá láìgbàṣẹ, àwọn ọmọ ogun tó ń yan sì dúró ń wò ó. Ó wọlé tọ kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Kí lèyí?"

"Ojú àwọn ọmọ yín ni, sà. Èmi ni mo tì wọ́n mọ́ inú òkùnkùn."

Ó ṣí i. Báàjì márààrún wà níbẹ̀, ó tò wọ́n sórí aṣọ funfun tó mọ́ tónítóní. Kọ́nẹ́ẹ̀lì bi í pé ta ló ní kó ṣe é. Yèyé mọ̀ pé sájẹ́ǹtì ti yin òun lẹ́ẹ̀mẹwàá fún báàjì títì yẹn, ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀. Ó dáhùn pé: "Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Ìkòrò ni: ohun tí kì í ṣe tìrẹ, tì í mọ́ ulé."

Wọ́n yẹ ilẹ̀kùn wò lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti yàrá náà pa. Wọ́n gba lẹ́tà ìyìn padà. Wọ́n dá Yèyé dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bàbá-bàbá mi kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé ọ̀rọ̀ òpùrọ́ yẹn, wọ́n sì gbé Dàúdà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Yèyé lọ dúró níbi ọkọ̀ kó lè kí i. Dàúdà rí i, ó sì yíjú sí ara ọkọ̀.

"Bí mo ṣe rí i mọ nìyẹn," Yèyé sọ fún wa. Ìrísí Ìkòrò ti ń hàn níwájú. "Ká ní mi ò kó ojú wọn sínú àpótí, wọn ì bá ti mọ̀ láti ọdún kìíní. Ó fi aṣọ òjé sílẹ̀ fún mi, èmi sì fọ́ ọ lójú."

Fúnmi ní, "Kí ló dé tí ẹ ò wá a lọ, Yèyé?"

"Bí mo bá rí i, tó ní òun ò dárí jì mí ńkọ́?"

Fúnmi kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo mọ ìdákẹ́ rẹ̀ dáadáa; ìdákẹ́ ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Àwọn awakọ̀ tó wá láti ìhà Ọ̀ṣun pọ̀ ní gáréèjì Ìjerò, ó sì lọ bá wọn. Ó ń bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ní ẹbí ní Ìwó, bóyá ẹbí náà mọ ológun kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ya ẹ́síréè rí. Wọ́n ń pè é ní Àǹtí Dàúdà. Ó pe ènìyàn lórí fóònù títí etí rẹ̀ fi ń gbóná. Èmi sọ fún un pé ọkùnrin náà ti lè kú. Ó ní, "Àwa á lọ kí sàréè nìyẹn." Ó tó ọ̀sẹ̀ méje. Mo ń ṣàmì sí ìwé ìdánwò nígbà tó gbé fóònù sórí ìwé náà.

"Ó wà láàyè."

"Ta ni?"

"Ìwọ náà! Dàúdà ni. Ó ń tún rédíò ṣe. Ó bí ọmọ mẹ́rin. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé."

Mo ní ó yẹ ká sọ fún Yèyé. Fúnmi ní tí a bá sọ fún un, ó máa ti ilẹ̀kùn. A ò sọ fún un.

Ní Sátidé yẹn, Yèyé jókòó níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọkùnrin arúgbó kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó tẹ ọ̀pá, fìlà funfun wà lórí rẹ̀. Ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìjókòó. Dàúdà ni."

"Dàúdà wo?"

"Dàúdà ti bárékè."

Ẹ̀gúsí dà nù. Yèyé fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà, Dàúdà dì í mú ní èjìká méjèèjì. "Ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe yìí? Ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Dàúdà, èmi ni mo ti báàjì yín. Èmi ni. O rí mi níbi ọkọ̀, o yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ̀jẹ̀ ló wà lẹ́nu mi, Ìyá. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí i."

Dàúdà rọra mú un jókòó padà.

"Ó pẹ́ kí n tó gbádùn," Dàúdà ní. "Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sí mi lára kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn yẹn ló ń dùn mí nígbà náà. Wọ́n ti fẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá mi pé òpùrọ́ ló bí. Ẹ̀yin lẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn kúrò lórí mi, ẹ sì mọ ohun tí yóò ná yín. Wàláì, Ìyá, mo ti dárí jì yín nínú ọkọ̀ yẹn, kó tó kúrò ní géètì."

Yèyé nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó gan-an, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Nínú ọkọ̀?"

"Nínú ọkọ̀, Ìyá."

"Kó tó kúrò ní géètì?"

"Kó tó kúrò ní géètì."

"O sì mọ̀ pé Ìkòrò ni ulé mi?"

"Ẹ... ẹ máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, Ìyá."

"Ó lé ní ogójì ọdún!" Ohùn rẹ̀ ga débi pé aládùúgbò yọjú. "Ẹ gbà mí o! Ó dárí jì mí, ó sì gbé e jókòó sí Ìwó! Mi ò sùn dáadáa láti ìgbà tí o ti ní gbogbo eyín lẹ́nu, Dàúdà! Ìwọ ló yẹ kó wá bẹ̀ mí!"

Dàúdà wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó wo Fúnmi, Fúnmi sì ti di òpó ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè dúró; ẹ̀rín yẹn kò tíì kúrò létí mi. Ọkùnrin náà gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ẹ̀gúsí, bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ.

Yèyé jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

"Ó tó. Dìde. Mo dárí jì ọ́. Ṣé o rí i bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu?"